Bí Òkìtì-Ọ̀sán Ṣe Pa Ojú Àlàó Rẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi orúkọ ẹgbẹ́ bú ara yín láti òwúrọ̀. Ẹni tó wà lórí ìtí igi kó sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà kó fi sílẹ̀ ná, nítorí ẹ̀pà a máa pariwo lẹ́nu, etí mi sì ti gbó. Ojú mi ṣì ń ríran o! Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí mo jókòó báyìí, ọwọ́ mi ti gbàgbé ìbọn. Èmi yìí ni mo tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n wọ inú ihò tí àwọn ọdẹ tó gbójú jù mí lọ ti sá jáde, tí mo sì jẹun ọ̀sán mi lẹ́nu ihò náà kí n tó pa á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn akin ni mo fẹ́ sọ lónìí. Inú mi bàjẹ́. Mo gbọ́ nígbà tí Láwuyì pe Olóyèdé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ bá ara wọn kọ́lé, ní orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, tó sì tutọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó dárúkọ ìgbẹ́. Ó rán mi létí ọ̀gá mi Ọdẹ́rìndé, ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn yìí fún mi. Apá tó kẹ́yìn, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi, ojú mi ló ṣe.

Òkìtì-Ọ̀sán ni ìlú wọn, ní ìdí àpáta kan tí igi ọ̀sán pọ̀ lára rẹ̀. Odò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Ọ̀wẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún kan, Ọ̀wẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń wọ inú rẹ̀ dé ìbàdí tẹ́lẹ̀ wá ń fi igbá gbọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń bu ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìlú bá pé jọ. Àwọn kan ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣí kúrò níhìn-ín, ká lọ tẹ̀dó sí ibi tí omi wà." Àwọn kan ní, "Ibojì àwọn baba wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dúró tì wọ́n, òjò ń bọ̀." Kò sí èyí tó burú nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, àbí ó burú? Àwọn tó fẹ́ ṣí pe ara wọn ní Aṣílọ. Àwọn tó fẹ́ dúró pe ara wọn ní Adúrótì.

Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí. Àwọn fúnra wọn ló sọ ara wọn lórúkọ, tayọ̀tayọ̀ ni. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n sì wo ilé. Aṣílọ, nítorí pé àwọn baba ńlá wọn ṣí kúrò níwájú ogun láyé àtijọ́, ìyẹn ni ìran wọn kò fi parun. Adúrótì, nítorí pé nígbà tí ilẹ̀ gbóná tí àìsàn ń pa ènìyàn, àwọn kan kò sá, wọ́n dúró ti ẹni tó dùbúlẹ̀. Orúkọ iyì ni méjèèjì. Àwọn ọmọbìnrin fi wọ́n kọrin nígbà tí wọ́n ń lọ ata.

Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni, ẹnu ẹlòmíràn ni í gbé. Àwọn Adúrótì bẹ̀rẹ̀ sí í fa "Aṣílọ" gùn lẹ́nu, wọ́n á yọ ṣùtì sí i. Bí ìyàwó bá sá kúrò nílé ọkọ, wọ́n á ní ó ti ṣe Aṣílọ. Bí adìyẹ bá fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ lọ, Aṣílọ ni. Bí ẹni tó jẹ gbèsè bá sá nílùú, ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Aṣílọ? Àwọn Aṣílọ náà kò dákẹ́. Ọmọ tó tọ̀ sórí ẹní tí kò dìde níbẹ̀, Adúrótì ni. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó kọ̀ láti rìn, Adúrótì ni. Bí ẹnì kan bá wà ní ààtàn láti àárọ̀ tí ohun tó wá ṣe níbẹ̀ kò jáde, wọ́n á ní Adúrótì ló dá a dúró. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo fi irin búra fún yín, ọ̀sẹ̀ kan gbáko a lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ omi nínú ìlú tí omi ti ń tán lọ.

Ọ̀gá mi Ọdẹ́rìndé, Adúrótì pátápátá ni. Àbúrò rẹ̀ Àlàó, tí ìyá kan náà bí wọn, Aṣílọ ni. Àṣàkẹ́ ni orúkọ ìyá wọn, opó ni, àwọn méjì yìí náà ló sì kù fún un láyé. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín yàrá àwọn ọmọkùnrin méjèèjì. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yẹn lanu o.

Ọdẹ́rìndé ra ajá ọdẹ kan. Ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa: kì í ṣe ajá là ń sọ ọ́ fún, aládùúgbò ni. Ẹni tí ará ilé ń ṣe ìlara rẹ̀ á sọ ajá rẹ̀ ní Ẹ̀yìnlàárò, á sì máa pè é kíkankíkan lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó yẹ kó gbọ́. Bí onítọ̀hún bá bínú, á ní, "Kí ló kàn ọ́? Ajá mi ni mo ń pè." Ọdẹ́rìndé sọ ajá tirẹ̀ ní Aṣílọ. Láràárọ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń gba orí ògiri kọjá: "Aṣílọ, dìde níbẹ̀, aláìnírònú!" "Aṣílọ, o jẹun tán, o ò mọ ọpẹ́ dá!" "Aṣílọ, ìwọ tó lè ta egungun baba rẹ nítorí àwo ọbẹ̀ kan!" Àwọn ará àgbàlá a máa rẹ́rìn-ín títí wọn á fi di ikùn mú. Ajá á máa ju ìrù, nítorí ajá ò mọ nǹkan kan. Lódìkejì ògiri, Àlàó á dákẹ́. Ahunṣọ ni, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ohùn tí a máa ń gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ju ti òfì lọ, nígbà tó sì yá, òfì náà dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti ẹmu lábẹ́ òrùlé. Àlàó wọlé wá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìsinmi. Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o."

Kò sí ẹni tó jẹ́ ẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé orísun omi kan wà nínú igbó lẹ́yìn àpáta. Bó bá jẹ́ òótọ́, a lè la ojú rẹ̀ wá sílé. Ẹni tó fẹ́ ṣí, kò ní í sídìí fún un láti ṣí mọ́. Ẹni tó fẹ́ dúró á rí omi mu. Èmi ò mọ igbó, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ."

Ọdẹ́rìndé sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ òun lára, pé ẹsẹ̀ òun ti fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu, igbá ẹmu wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fẹ́ rí ohun tí yóò ṣe. Ó bá yíjú sí ajá rẹ̀. Ó ní, "Aṣílọ, ta ló ní kó o máa gbó níbi tí àgbà jókòó sí?"

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ òrùlé. Àlàó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí. Ó mú akèrègbè kan lára ògiri, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú igbó lọ ní òun nìkan. Wọ́n retí rẹ̀, wọn ò rí i.

Nígbà tó di pé ó ti sọnù lóòótọ́, àwọn Adúrótì ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ṣebí orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́." Àwọn Aṣílọ ní, "Ẹ̀yin lẹ pa á, ẹ gbé òkú rẹ̀ wá." Gbogbo wọn pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun fi gbẹ, kò sì sí omi tí wọn yóò fi rin ín. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wọ igbó. Màmá àgbà Àṣàkẹ́ ló fi ọ̀pá rẹ̀ wọ́lẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́rìndé.

"Ọdẹ́rìndé, ta ni mo bí tẹ̀lé ọ?"

"Àlàó ni, ìyá mi."

"Ṣé o mọ orúkọ yẹn pè? Mo rò pé o ti gbàgbé rẹ̀ ni. Lọ bá mi mú ọmọ mi wá. Bó ò bá rí i, ìwọ náà má padà wá bá mi."

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó súfèé pe ajá, ó lọ.

Kí n má fi ìrìn dá yín lágara. Ibi tí igbó ènìyàn parí sí ni igbó àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì débẹ̀ á mọ̀, nítorí ẹyẹ ibẹ̀ kì í dún. Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ni iwin kan tó ń jẹ́ Oríkọrí. Ó ga ju ìrókò lọ, ara kan ṣoṣo ló ní, orí méjì ló wà lórí ọrùn rẹ̀, ó sì rù tó jẹ́ pé a lè rí ìmọ́lẹ̀ òrùn láàárín egungun ìhà rẹ̀. Ìdí tó fi rù ni pé bí orí ọ̀tún bá ti fi oúnjẹ sẹ́nu, orí òsì á di ọ̀fun mú: "Kì í ṣe ìwọ ni yóò jẹ ẹ́!" Bí òsì bá rí èso, ọ̀tún á gbá a dànù lẹ́nu rẹ̀. Ikùn kan ṣoṣo ni ebi sì ń pa.

Ọdẹ́rìndé na ìbọn sí i. Ìbọn wúkọ́ bí arúgbó, ọta rẹ̀ jábọ́ sẹ́sẹ̀ Ọdẹ́rìndé. Oríkọrí gbá a mú, ó fi na igi, ó fi na àpáta, ó jù ú sókè, ó tún un gbà. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti fi ọ̀bẹ gún un ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹni ni, a kì í sọ pé a gbọ́n jù ú lọ, ó kéré tán kì í ṣe lójú rẹ̀. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé orí òsì ní, "Jẹ́ ká pa á." Kíá ni orí ọ̀tún ní, "Nígbà tó jẹ́ ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, kò ní í kú." Wọ́n bá já a sílẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn lórí rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, orí ọ̀tún ní kí ó já àlọ́ kan kó tó kọjá. Ó ní:

"Mo fi òwú funfun hun aṣọ, mo fi bora, mo jó wọ ọjà. Ọ̀tá mi di etí aṣọ náà mú, ó fi nu ẹsẹ̀. Aṣọ kò ya, kò sì fún mi. Kí ló dé tí n kò lè bora mọ́ láìsunkún? Kí ni aṣọ náà?"

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín ìgbéraga. "Ta ni kò mọ ìyẹn? Awọ ẹran ni!"

Orí méjèèjì wo ara wọn, omijé sì bọ́ lójú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ìyẹn nìkan ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ọjọ́ tí a ti dá wọn. Wọ́n ní, "Máa lọ. Ẹnu rẹ ni yóò kọ́ ọ."

Ó kọjá. Ibi tó bọ́ sí ni pápá koríko kan tó kún fún èèmọ́, koríko tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni lóko. Ajá rẹ̀ sá síwájú. Ó ké sí i, "Aṣílọ!" Wéré ni èèmọ́ já láti ara koríko, ó lẹ̀ mọ́ ọn ní ètè. Ó ta á nù. Ó bínú, ó ní, "Aṣílọ, aláìlérò, padà wá!" Èèmọ́ fò bí eṣú, wọ́n bò ó lẹ́nu, lójú, ní ọ̀nà ọ̀fun. Gbogbo ohun tó ti fi bú ajá yẹn láràárọ̀ ló bá a níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀ tirẹ̀. Ó fa wọ́n tu, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé fà. Ó wá jókòó sáàárín pápá náà, ajá ń lá a lẹ́sẹ̀, ó sì mọ ìtumọ̀ àlọ́ tí kò rí já: orúkọ ni aṣọ náà. Láti ibẹ̀ lọ, ìfé ló fi ń pe ajá. Ẹ̀yin náà ẹ wo ètè mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ló lẹ̀ mọ́.

Ìlú tó dé kẹ́yìn kò ní odi. Àwọn ènìyàn jókòó kún ibẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé wò wọ́n lójú, ó rí i pé ojú kò sí. Ibi tí ojú, imú àti ẹnu yẹ kó wà ti yọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ pẹ́. Ìyá arúgbó kan ń gbálẹ̀ láàárín wọn.

"Ìyá, ta ló ṣe wọ́n báyìí?" Ọdẹ́rìndé bi í.

"Ilé lẹ ti ń ṣe wọ́n ránṣẹ́ sí mi, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ẹni tí wọ́n bá ń fi orúkọ ẹgbẹ́ pè ju orúkọ rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ á máa pa rẹ́. Wọn ìbáà fi bú u, wọn ìbáà fi yìn ín, ọ̀kan náà ni. Ọjọ́ tó bá parẹ́ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e wá bá mi. Ìwọ ta lo wá mú?"

"Àbúrò mi ni."

"Pè é. Bó bá jẹ́ ọ, máa mú un lọ."

Ọdẹ́rìndé fi gbogbo agbára ké, "Àlàó!" Ènìyàn tó dìde kò níye, nítorí ẹ mọ̀ pé oríkì kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyá náà mi orí. "Àlàó pọ̀ níbí. Èwo ni tìrẹ? Sọ ohun tó o mọ̀ nípa rẹ̀."

"Òun ni... ó ń fẹ́ ká kúrò nílùú..."

"Ti ẹgbẹ́ nìyẹn."

"Àwọn Oyèkàn, olórí ẹgbẹ́ wọn, ló máa ń bá rìn, àwọn tí wọ́n..."

"Ti ẹgbẹ́ nìyẹn náà."

Ọdẹ́rìndé la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rù tó ba òun níbẹ̀, Oríkọrí kò dá irú rẹ̀ ba òun. Láti ìgbà tí odò ti ń gbẹ, kò tíì wo àbúrò rẹ̀ lójú. Orúkọ yẹn ló ń wò. Ó wólẹ̀, ó sunkún. Láàárín ẹkún ni ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìyá wa a máa nà án, ni mo fi máa ń jókòó síwájú rẹ̀ kí ìyá má bàa rí ọwọ́ rẹ̀."

Nínú àwọn tó dìde, ẹnì kan la ojú kan.

"Ààrá a máa bà á lẹ́rù. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ejò bù mí jẹ lóko, òjò ń rọ̀, ààrá ń sán, òun tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ ló gbé mi pọ̀n. Ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó gbé mi délé."

Ojú kejì là. Imú yọ.

"Òun ló hun aṣọ tí mo fi gbéyàwó. Mo ní kó dá iye kan lé e, ó ní ṣé mo fẹ́ fi òun ṣe àlejò ni."

Ẹnu wá yọ lójú náà, ẹnu Àlàó ni, pẹ̀lú eyín rẹ̀ tó lé sórí ara wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé omi ṣì kù nílé?" Ọdẹ́rìndé dì mọ́ ọn, ó sunkún débi tí àwọn tí kò lójú fi yí orí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Akèrègbè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàó, ó kún fún omi. Ó ti rí orísun náà kí ojú rẹ̀ tó parẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í ní ibi tó wà. Àlàó ní, "Ẹ má bínú, n ò ní sọ fún yín. Bí ẹ bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní omi tiyín ni, àwọn tèmi kò ní í mu ún. Bí mo bá sọ fún àwọn tèmi, àwọn tiyín náà kò ní í mu ún. Níwájú gbogbo ìlú ni mo ti fẹ́ sọ ọ́."

Ìyá agbálẹ̀ ní, "Ojú tuntun nìyẹn o. Títí ìyá tó bí i yóò fi fọwọ́ pa á lójú, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ẹgbẹ́ yẹn pè é. Bí wọ́n bá pè é, ó parí, ẹkún rẹ kò tún lè mú un padà. Ajá yìí náà, fi í sílẹ̀ fún mi. Ohun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn kò gbọdọ̀ bá a rìn." Ọdẹ́rìndé so ajá rẹ̀ mọ́ igi níbẹ̀. Ó ní ẹkún ajá náà tẹ̀ lé àwọn títí dé ààlà ìlú.

Bí wọ́n ṣe dé etí Òkìtì-Ọ̀sán, òrùn wà lágbede méjì ọ̀run. Ọdẹ́rìndé ní kí Àlàó dúró lẹ́yìn igi ọ̀sán ńlá kan, òun fúnra rẹ̀ wọ ìta gbangba níbi tí ìlú ti ń jiyàn. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni mí nígbà náà. Mo rí ọ̀gá mi tí kì í wólẹ̀ fún ẹranko, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku.

"Ẹ̀yin ará ìlú mi, àbúrò mi ti dé, ó sì rí omi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀ yín: kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ẹgbẹ́ pè é. Ẹ pè é ní Àlàó. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá wa fọwọ́ kàn án ná."

Oyèkàn tó jẹ́ olórí àwọn Aṣílọ fò dìde. "Kí ló dé? Orúkọ wa kì í ṣe èébú! Àwa la sọ ara wa bẹ́ẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí ojú orúkọ wa tì wá ni?"

Ṣóbìyí, olórí àwọn Adúrótì, pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá gbọ́ o! Àwọn gan-an mọ̀ pé orúkọ burúkú ni! Ọdẹ́rìndé, kí ni wọ́n fún ọ jẹ nínú igbó? Ìwọ náà ti di Aṣílọ!"

"Ẹ pè mí ní ohunkóhun tó bá wù yín," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Èmi ni kí ẹ pè. Ẹ fi lù mí. Ẹ ṣá má pe òun."

Wọn kò gbọ́. Iyàn ti gbóná, ẹni tó bá sì ń jiyàn, etí rẹ̀ kì í ṣí. Ariwo yẹn ló mú màmá àgbà jáde nílé. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó ń ké, "Àlàó mi dà? Àlàó ọmọ mi dà?" Àlàó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ irú ohùn yẹn tí yóò dúró sẹ́yìn igi? Ó jáde síta pẹ̀lú akèrègbè lọ́wọ́.

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọlọ́run ló mọ̀, bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bá lè pẹ́ díẹ̀ sí i, ìyá náà ì bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àlàó gbé akèrègbè sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú mi, omi náà wà ní..."

Ayọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ́. Kì í ṣe ìkà, ayọ̀ ni. Àwọn Aṣílọ kò lè mú un mọ́ra, wọ́n fò sókè, wọ́n ní, "Aṣílọ! Aṣílọ ló rí omi!" Àwọn Adúrótì dáhùn pẹ̀lú ìbínú, "Omi Aṣílọ! A ò mu ún!" Orúkọ náà bò ó láti ọ̀tún, ó bò ó láti òsì, Ọdẹ́rìndé sì ń ké "Àlàó! Àlàó!" láàárín wọn, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Mo rí i. Ẹnu ló kọ́kọ́ parẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Imú tẹ̀ lé e. Ojú ló kẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ni ojú náà sì ń wò títí tó fi pa dé. Nígbà tí ọwọ́ ìyá náà dé ibẹ̀, ó ti yọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Akèrègbè bọ́, ó fọ́, ilẹ̀ gbígbẹ fa omi náà mu kíá.

"Ẹ̀yin lẹ pè é!" ni àwọn kan ń wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè é!" ni àwọn kejì ń wí. Màmá àgbà fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé bí a ṣe ń fa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ó sì dì í mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má tún gbé e lọ.

Ó ní òun yóò tún un sọ lórúkọ bí ọmọ tuntun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ó tẹ́ ẹní, ó gbé iyọ̀ kalẹ̀, ó gbé oyin kalẹ̀, orógbó, obì, ataare. Ó ránṣẹ́ pe ìlú. Àwọn Adúrótì bi oníṣẹ́ bóyá àwọn Aṣílọ ń bọ̀. Àwọn Aṣílọ bi í bóyá orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ni ìyá náà fi pe ìpàdé. Kò sí ẹni tó wá. Ọ̀gá mi jókòó lápá kan, èmi lápá kan, Àlàó jókòó sáàárín ẹní, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

Ẹ mọ̀ pé omi la máa ń kọ́kọ́ fi kan ọmọ lẹ́nu níbi ìkómọ, kí a tó fọwọ́ kan iyọ̀, kí a tó fọwọ́ kan oyin. Àlàó kò lẹ́nu mọ́. Ìyá rẹ̀ ní iwájú orí ni òun yóò fi kàn. Ó gbé ìkòkò omi, ó tẹ̀ ẹ́ sórí àwo. Kò sí nǹkan tó jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀ pátápátá, ó fi ọwọ́ gbá ìdí rẹ̀. Erùpẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ ló jábọ́. Ọdẹ́rìndé fi aṣọ bojú. Ìyá náà gbé ìkòkò kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Mo fẹ́ pè ọ́. Omi ni kò sí."

Ibi tí ohùn mi ń gbẹ sí nìyí. Ẹ máa lọ sílé yín.